Ẹni Tó Ní Kí Á Gbélé: Iṣẹ́ Àwọn Ìjọba Ìbílẹ̀ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Àsìkò Àjọ̀dún Nígbà Àrùn Kòrónà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ohun tí mo gbé wá kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó la ọdún 2020 já, àmọ́ apá kan wà nínú rẹ̀ tí a kò tíì sọ tó. A ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa àwọn olórí ìjọba, nípa àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì àti nípa ilé ìwòsàn. Ìjọba ìbílẹ̀, ìyẹn kánsù tó ń kó ìdọ̀tí, tó ń tọ́jú arúgbó, tó sì mọ iye ọmọ tó ń jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé-ìwé, ni a kì í sábà dárúkọ. Mo fẹ́ kí á wo ohun tí àwọn kánsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe nígbà náà, pàápàá ní àsìkò àjọ̀dún àti ìsinmi, nítorí pé àsìkò bẹ́ẹ̀ gan-an ni a fi ń mọ ìjọba tó sún mọ́ ènìyàn yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń pàṣẹ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ Ọjọ́bọ, ọjọ́ 30 oṣù Keje, ọdún 2020. Ọdún Iléyá ku ọ̀la. Ní àwọn ìlú bíi Bradford, Oldham, Blackburn àti Burnley, níbi tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí, wọ́n ti ń dáná ọdún, àwọn ọmọ ti yọ aṣọ tuntun sílẹ̀, àwọn mọ́ṣáláṣí sì ti ṣètò bí àwọn olùjọ́sìn yóò ṣe takété síra wọn. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá díẹ̀, Matt Hancock, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà náà, kéde lórí Twitter pé láti ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ wọ ilé ẹlòmíràn lọ kí i mọ́ ní Greater Manchester, ní apá ìlà-oòrùn Lancashire àti ní apá kan West Yorkshire. Bíi wákàtí mẹ́ta péré ni wọ́n fi sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Muslim Council of Britain sọ ọ́ nígbà náà pé bí ìgbà tí a bá sọ fún onígbàgbọ́ ní alẹ́ tó ṣáájú Kérésìmesì pé kò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹbí rẹ̀ ni.

Èmi kò wí pé òfin náà kò yẹ. Àrùn náà ti tún ń gbéra sókè ní àwọn àgbègbè wọ̀nyẹn, inú ilé sì ni ó ti ń ràn, nítorí náà ìjọba tó bá dákẹ́ yóò ní ìpín nínú ikú tó bá tẹ̀ lé e. Ohun tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà ni ọ̀nà tó gbà dé etí àwọn ènìyàn. Ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òfin lórí ilé onílé yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tí ilé náà ń múra sílẹ̀ fún. Káńsẹ́lọ̀ tó ń gbé àdúgbò mọ̀ pé ọdún ku ọ̀la, òṣìṣẹ́ kánsù náà sì mọ̀. Ká ní ìjọba bi wọ́n léèrè ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni, wọn ì bá ti bá àwọn lémọ́ọ̀mù sọ̀rọ̀, wọn ì bá ti kọ ìkéde náà ní èdè Urdu àti Bengali, wọn ì bá sì ti wá ọ̀nà tí oúnjẹ ọdún yóò fi dé ẹnu ọ̀nà àwọn àgbàlagbà tí kò ní rí ọmọ wọn. Wákàtí mẹ́ta kò tó fún èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Kí á tó lọ síwájú, ó yẹ kí á mọ ohun tí òfin fi lé kánsù lọ́wọ́. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2013, lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe ní 2012, iṣẹ́ ìlera gbogbo ará ìlú ti kúrò lọ́wọ́ NHS, ìyẹn àjọ ìlera ìjọba, bọ́ sọ́wọ́ àwọn kánsù ńlá, kánsù kọ̀ọ̀kan nínú wọn sì ní ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, ẹni kan ti wà nínú gbọ̀ngàn ìlú tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ ibi tí àìsàn ti ń jà àti ìdí tó fi ń jà níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń ṣètò àyẹ̀wò àti wíwá àwọn tí aláìsàn bá ti bá pàdé, Westminster, ìyẹn ìjọba orílẹ̀-èdè ní London, àti àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n kó o fún. Leicester ni ìlú àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe òfin kónílé-ó-gbélé fún ní òun nìkan. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 2020 ni wọ́n kéde rẹ̀. Peter Soulsby, olórí ìlú náà tí ará ìlú dìbò yàn, ṣàròyé pé ó pẹ́ kí àkọsílẹ̀ ibi tí àwọn aláìsàn ń gbé tó tẹ kánsù lọ́wọ́. Wọ́n ní kí ó wá pa iná, wọn kò sì tètè fi ilé tó ń jó hàn án. Nígbà tó yá, kánsù náà rán àwọn ènìyàn kiri láti ojúlé dé ojúlé pẹ̀lú ohun èlò àyẹ̀wò, nítorí pé ojúlé ni ó mọ̀.

Ní Blackburn with Darwen, kánsù dá ètò tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ láti máa wá àwọn tí ètò ti orílẹ̀-èdè kò bá rí bá sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n ṣe kò le rárá. Nọ́ńbà àdúgbò ni wọ́n fi ń pe ènìyàn, kì í ṣe nọ́ńbà àjèjì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ti gbájú-ẹ̀ ni. Ẹni tó ń pè gbọ́ èdè àti ohùn àdúgbò. Bí onítọ̀hún kò bá gbé fóònù, wọ́n á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti dé ẹnu ilẹ̀kùn yóò rí ohun tí ẹni tó wà lórí fóònù ní ibi jíjìn kò lè rí: yóò rí i bóyá yàrá kan ni gbogbo ẹbí ń sùn sí, yóò sì lè béèrè bóyá oúnjẹ wà nílé tàbí kò sí. Mo ka ìbéèrè ìkẹyìn yìí sí apá kan iṣẹ́ ìlera. Ẹni tí kò ní oúnjẹ tí yóò tó o fún ọjọ́ mẹ́rìnlá kò lè jókòó sílé fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, bó ti wù kó bẹ̀rù àrùn tó.

Iṣẹ́ oúnjẹ yìí ti bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Kẹta. Nígbà tí Boris Johnson, olórí ìjọba nígbà náà, kéde kónílé-ó-gbélé ní ọjọ́ 23 oṣù náà, ìjọba ń kọ lẹ́tà sí àwọn tí àìsàn mìíràn ti sọ di ẹlẹgẹ́ pé kí wọ́n má tilẹ̀ yọjú síta rárá. Nígbà tó yá, iye wọn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì di bíi mílíọ̀nù 2.2. Títí di ìparí oṣù Keje, Westminster ń fi àpótí oúnjẹ ránṣẹ́ sí àwọn tó forúkọ sílẹ̀ nínú wọn, èyí tí wọ́n pín sì lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àpótí. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì yẹ kí á yin àwọn tó ṣe é. Àmọ́ àpótí kan náà ni fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó jẹ́ pé ẹran tí a pa ní ìlànà ẹ̀sìn rẹ̀ nìkan ló ń jẹ, ẹni tí oúnjẹ kan máa ń ṣe ní jàǹbá, ọ̀dọ̀ kánsù ni wọ́n darí wọn sí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí lẹ́tà kò kàn rárá ṣùgbọ́n tí kò ní ẹni tí yóò bá a lọ sọ́jà. Jákèjádò ilẹ̀ náà, àwọn kánsù ṣí ibùdó ìrànwọ́: nọ́ńbà fóònù kan, gbọ̀ngàn kan tí wọ́n sọ di ilé ìkóúnjẹsí, àti àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó wá láti ibi iṣẹ́ mìíràn tó wà ní títì. Òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé tó ti ń yá ìyá arúgbó kan ní ìwé fún ọdún pípẹ́ ni ó wá ń pè é lórí fóònù báyìí láti mọ̀ bóyá ó ti jẹun. Èmi rò pé nínú gbogbo ohun tí àwọn kánsù ṣe, èyí ni ó kéré jù lójú ẹni tó ń wò ó láti òkèèrè, tó sì tóbi jù lójú ẹni tí wọ́n ṣe é fún.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ni mo fẹ́ dúró lé lórí pẹ́.

Nígbà tí àrùn yìí dé, bíi mílíọ̀nù 1.4 ọmọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí oúnjẹ ọ̀fẹ́ nílé-ìwé nítorí pé owó tó ń wọlé fún àwọn òbí wọn kéré. Ilé-ìwé ló ń fún wọn ní oúnjẹ náà. Bí ilé-ìwé bá ti wà ní títì, oúnjẹ náà kò sí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ìsinmi ilé-ìwé ibẹ̀ máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá nínú ọdún. Ẹ rò ó wò: ìdá mẹ́rin ọdún ni ìjọba fi ń ṣe bí ẹni pé ọmọ tí ebi ń pa ní ọjọ́ Ẹtì yóò yó ní ọjọ́ Ajé nítorí pé ìsinmi ti dé. Ó ti rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí kòrónà tó dé. Ohun tí kòrónà ṣe ni pé ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn òbí, ó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà hàn sí ojú gbogbo ayé.

Agbábọ́ọ̀lù Manchester United, Marcus Rashford, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ irú oúnjẹ yìí ní kékeré, kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin ní oṣù Kẹfà 2020, ìjọba sì gbà láti máa fún àwọn ọmọ náà ní káàdì oúnjẹ jálẹ̀ ìsinmi ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ kọ̀. Ìsinmi ráńpẹ́ oṣù Kẹwàá wá ń bọ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ẹgbẹ́ òṣèlú Labour, tó jẹ́ alátakò nígbà náà, gbé àbá wá sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé kí wọ́n fa ètò náà gùn títí di ìsinmi Àjíǹde ọdún 2021. Aṣòfin 261 fara mọ́ ọn, 322 sì lòdì sí i. Àbá náà ṣubú. Ọjọ́ márùn-ún ló kù kí ìsinmi náà bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún yẹn ni kò yẹ kí á gbàgbé. Kánsù kan bẹ̀rẹ̀ sí í kéde lẹ́yìn òmíràn pé àwọn yóò bọ́ àwọn ọmọ náà láti inú àpò tàwọn. Àwọn ìlú ńláńlá bíi Liverpool àti Birmingham wà lára wọn, ẹnì kan sì lè sọ pé ẹgbẹ́ alátakò ló ń darí ibẹ̀, pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Àmọ́ Kensington and Chelsea náà ṣe é, Medway náà ṣe é, Hillingdon náà sì ṣe é, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹ́ Conservative tó wà lórí àlééfà nígbà náà ló ń darí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àgbègbè ìdìbò olórí ìjọba gan-an wà nínú Hillingdon. Àwọn káńsẹ́lọ̀ yìí kò ya ẹgbẹ́ wọn. Ibi tí wọ́n jókòó sí ló yàtọ̀: aṣòfin ń dìbò lórí iye, káńsẹ́lọ̀ sì ń pàdé ìyá ọmọ náà ní ibùdókọ̀. Ojú ní í rójú ṣàánú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn kánsù ni àwọn ilé oúnjẹ kéékèèké wà, tí àwọn fúnra wọn kò rí ọjà tà nítorí òfin àrùn, tí wọ́n sì ń kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé kí òbí tó bá nílò rẹ̀ wá gba oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní bi í ní ìbéèrè kankan. Rashford lo òru ọjọ́ wọ̀nyẹn láti máa tan orúkọ wọn kálẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kọkànlá, ìjọba yí ọ̀rọ̀ padà. Wọ́n kéde mílíọ̀nù 170 pọ́n-ùn fún ìgbà òtútù, láti oṣù Kejìlá títí di ìparí oṣù Kẹta, wọ́n sì ní ó kéré tán ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà gbọ́dọ̀ lọ sórí oúnjẹ àti owó iná, gáàsì àti omi. Ọwọ́ àwọn kánsù ni wọ́n gbé e lé. Wọ́n tún kéde mílíọ̀nù 220 pọ́n-ùn fún oúnjẹ àti eré ìdárayá àwọn ọmọ ní ìsinmi Àjíǹde, ti ẹ̀ẹ̀rùn àti ti Kérésìmesì ọdún 2021. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n dìbò pa ní oṣù Kẹwàá wá gba ọwọ́ kánsù padà dìde.

Mo fẹ́ kí á ṣàkíyèsí bí owó náà ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn, nítorí pé iyì ọmọ ènìyàn wà nínú ọ̀nà tí a gbà fún un ní nǹkan. Àwọn kánsù kan gba ọwọ́ ilé-ìwé, tó ti mọ àwọn ọmọ náà, fi káàdì ìrajà ránṣẹ́ sí àwọn òbí kí ilé-ìwé tó tì fún Kérésìmesì, kí òbí lè wọ inú ilé-ìtajà bí gbogbo ènìyàn, kó mú ohun tí ọmọ rẹ̀ yóò jẹ, kó sanwó, kó sì jáde láìsí pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Àwọn kan sọ ọ́ di owó. Àwọn mìíràn di oúnjẹ sínú àpò pín in. Mo mọ̀ pé ibi tí ọjà jìnnà sí tàbí tí ìyá kò lè jáde, oúnjẹ dídì ló dára. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ṣeé ṣe, káàdì tàbí owó ni mo fara mọ́, nítorí pé ìyá ọmọ mọ inú ọmọ rẹ̀ ju òṣìṣẹ́ ìjọba lọ. Ọ̀rọ̀ iná ilé kò sì kéré sí ti oúnjẹ. Àwọn ìdílé wà tí wọ́n ń fi káàdì ra iná àti gáàsì díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí gbogbo ilé bá wà nílé látàárọ̀ dalẹ́ ní oṣù Kejìlá, owó tó ń gbé wọn dé ìparí ọ̀sẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè tán ní ọjọ́ kẹta, ibi tí wọ́n ti lè pè fún ìrànwọ́ sì lè wà ní títì títí ọdún tuntun. Kánsù tó bá fi ẹnì kan sílẹ̀ lẹ́nu fóònù ní ọjọ́ Kérésìmesì mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹni tí àyẹ̀wò rẹ̀ bá fi kòrónà hàn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Láti ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án 2020, òfin sọ ọ́ di dandan fún un láti séra rẹ̀ mọ́lé, owó ìtanràn fún ẹni tó bá rú òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ láti 1,000 pọ́n-ùn, ó sì lè dé 10,000. Ní ọjọ́ kan náà ni ètò ìrànwọ́ 500 pọ́n-ùn bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kéré tí wọn kò sì lè ṣiṣẹ́ láti ilé. Kánsù ló ń gba ìwé, òun ló sì ń san án. Ìlànà tí wọ́n là kalẹ̀ há, ọ̀pọ̀ ènìyàn béèrè tí wọn kò rí gbà. A rí èso rẹ̀ ní Liverpool ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí wọ́n kó àwọn ológun wọ̀lú láti ṣàyẹ̀wò fún gbogbo ará ìlú, yálà ara wọn yá tàbí kò yá. Ètò náà dára, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ìlú náà sì sapá gidigidi. Síbẹ̀, àwọn àdúgbò tí ìṣẹ́ pọ̀ sí ni iye àwọn tó jáde wá ti kéré jù. Àwọn tó wádìí rẹ̀ sọ pé ìbẹ̀rù pé owó iṣẹ́ yóò dúró wà lára ohun tó fà á. Ta ni yóò lọ ṣàyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí Kérésìmesì bó bá mọ̀ pé ìdáhùn kan lè gba owó tí ó fẹ́ fi ra ẹ̀bùn ọmọ? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ní ti àwọn tí kò nílé, àkọsílẹ̀ ibẹ̀ dára ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ní ìparí oṣù Kẹta, Westminster kọ̀wé sí gbogbo kánsù pé kí wọ́n kó àwọn tó ń sùn ní ìta wọlé, láàárín ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún, bíi 15,000 ènìyàn ló wà nínú hòtẹ́ẹ̀lì àti irú ibùgbé bẹ́ẹ̀. Ìgbà òtútù wá mú ìṣòro tuntun wá, nítorí pé àwọn gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tí ènìyàn púpọ̀ ti máa ń sùn pọ̀ nínú rẹ̀ ti di ibi ewu. Ẹgbẹ́ aláàánú Crisis, tó máa ń ṣí ibùdó ńlá ní London lọ́dọọdún nígbà Kérésìmesì, gba hòtẹ́ẹ̀lì ní ọdún náà, kí oníkálukú lè ní yàrá àti ilẹ̀kùn tirẹ̀. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti sọ fún wa fún ọ̀pọ̀ ọdún pé kò sí bí a ṣe lè fún ẹni tó ń sùn lójú títì ní yàrá, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló tó láti ṣe é.

Diwali, ọdún ìmọ́lẹ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, bọ́ sí ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá. Ní Leicester, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti máa ń pé jọ ní Belgrave Road lábẹ́ iná aláràbarà, kánsù kó ayẹyẹ náà lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì jẹ́ kí ará ìlú mọ̀ ṣáájú. Ó dun àwọn ènìyàn, ṣùgbọ́n kò já lù wọ́n lójijì. Ẹ fi wé ohun tí wọ́n ṣe nípa Kérésìmesì. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, ìjọba ṣèlérí pé ìdílé mẹ́ta lè pé jọ fún ọjọ́ márùn-ún, láti ọjọ́ 23 sí ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá. Àwọn ènìyàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ra oúnjẹ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọ̀sán Àbámẹ́ta, ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá, wọ́n ní ìlérí náà kò sí mọ́ fún London àti apá gúúsù ìlà-oòrùn, níbi tí oríṣi àrùn tuntun kan ti ń tàn kálẹ̀ kíákíá, pé ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ náà ni òfin bẹ̀rẹ̀; fún àwọn ibi tó kù, ọjọ́ kan péré ló ṣẹ́ kù nínú márùn-ún. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn Mùsùlùmí ní oṣù Keje ni wọ́n wá ṣe fún gbogbo ènìyàn ní oṣù Kejìlá. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀dọ̀ kánsù ni ìpè bọ́ sí: arúgbó tí ọmọ rẹ̀ ì bá wá gbé e, tí kò wá ra nǹkan kan sílé. Àrùn náà kò sì dúró. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní 2021 ni kónílé-ó-gbélé kẹta bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì fi máa di ọjọ́ 8, iye àwọn tí àyẹ̀wò tuntun fi àrùn hàn lára wọn ní gbogbo Ìlú Ọba lé ní 68,000 ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Láàárín gbogbo èyí, abẹ́rẹ́ àjẹsára ti dé. Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá ni ìyá ẹni 90 ọdún kan, Margaret Keenan, gba àkọ́kọ́ ní ilé ìwòsàn ní Coventry. Àmọ́ kí abẹ́rẹ́ wà yàtọ̀ sí kí ènìyàn gbà á. Ìròyìn tí ìjọba gbé jáde ní oṣù Kẹfà ti fi hàn pé àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn tó wá láti Éṣíà ni ikú kòrónà ń pa jù, àwọn kan náà yìí sì ni wọ́n ní ìdí láti ṣiyèméjì nígbà tí ìjọba bá ń bá wọn sọ̀rọ̀. Newham ní ìlà-oòrùn London, tó wà lára àwọn ibi tí ikú ti pọ̀ jù ní ìgbà àkọ́kọ́, ti kó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ará àdúgbò jọ láti ọdún 2020, wọ́n ń fi òótọ́ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lóòrèkóòrè lórí WhatsApp, àwọn náà sì ń sọ ọ́ fún aládùúgbò wọn ní èdè wọn, wọ́n sì ń dá ìbéèrè àwọn ènìyàn padà sí kánsù. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2021, Westminster fi owó tó lé ní mílíọ̀nù 23 pọ́n-ùn sílẹ̀ kí àwọn kánsù mìíràn lè ṣe irú rẹ̀. Ohun tó wù mí jù nínú ètò Newham ni pé ọ̀rọ̀ ń lọ, ọ̀rọ̀ sì ń bọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, èmi kò sì ní fi í pamọ́. Kánsù tí a ń pè sí iṣẹ́ wọ̀nyí ni kánsù tí Westminster ti ń gé owó rẹ̀ kù láti ọdún 2010. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá 2020, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn ìkéde mílíọ̀nù 170, kánsù Croydon ní London kéde lábẹ́ òfin pé owó tó wà lọ́wọ́ òun kò lè gbé ìnáwó òun mọ́. Àṣìṣe Croydon fúnra rẹ̀ wà nínú rẹ̀, a kò lè sẹ́ ẹ. Síbẹ̀ àwọn ará Croydon ń ṣàìsàn, wọ́n ń séra mọ́lé, ebi sì ń pa ọmọ wọn ní Kérésìmesì bíi ti ibi gbogbo.

Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ náà rọlẹ̀, ètò oúnjẹ àwọn ọmọ nígbà ìsinmi kò parẹ́. Ìjọba ń bá a lọ ní ọdọọdún lẹ́yìn 2021, mo sì ka èyí sí ohun rere tó ti inú ọdún búburú jáde. Owó ìgbà òtútù náà yí orúkọ padà títí ó fi di Household Support Fund (owó ìrànwọ́ fún ìdílé) ní oṣù Kẹwàá 2021, ọwọ́ kánsù náà ló sì gbà kọjá. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ di ohun tó dúró. Oṣù díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sún un síwájú nígbà náà, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó o kò sì mọ̀ bóyá iṣẹ́ yóò wà ní sáà tó ń bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àkọsílẹ̀ ìjọba fi hàn pé owó náà yóò tán ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta. Ọjọ́ kẹfà oṣù náà ni wọ́n tó kéde nínú ètò ìsúnná pé àwọn yóò fi oṣù mẹ́fà kún un, nígbà tí àwọn kánsù kan ti ń múra láti ti ètò náà pa. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún náà ni Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, nígbà tí àwọn ọmọ wà nílé fún ìsinmi.